Kẹ̀kẹ́ Tí Gbogbo Ibefun Mọ̀

Lọ́dún 1984, Bọ̀wálé, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, fẹ́ fi Matilda ṣaya. Nọ́ọ̀sì ni Matilda, ó sì ti gbà. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Ibefun ló kù, ìyá yìí sì ti lé ọkùnrin méjì padà. Ó ní ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tí kò ní ju bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

“Ẹ dá lọ,” Matilda sọ fún un. “Tí mo bá tẹ̀ lé yín, Màámi á ní mo ti parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwọn.”

Kò sí owó alùpùpù. Bọ̀wálé ra ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́ opó tó ń jẹ́ Ràmọ́tà. Ó ti dípẹtà, adìyẹ sì ń sùn lórí ìjókòó rẹ̀.

“Ọkọ mi ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi kú,” Ràmọ́tà wí. “Gbogbo Ibefun ló mọ̀ ọ́n.”

“Irú ẹ̀ gan-an ni mo ń wá,” Bọ̀wálé dáhùn.

Ràsákì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó pààrọ̀ táyà, ó to sípóòkù, ó kun gbogbo ara rẹ̀ ní dúdú, ó sì fi ọ̀dà funfun sí mọ́gáàdì ẹ̀yìn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bọ̀wálé fẹ́ kó yọ agogo àti àpótí onígi tó wà lẹ́yìn. Ràsákì ní kó fi wọ́n sílẹ̀: agogo náà ń dún dọ́ọ̀ọ́kán, àpótí náà sì ń jẹ́ kéèyàn jọ ẹni pàtàkì.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Bọ̀wálé wọ ṣòkòtò kakí tó lọ̀ dáadáa. Ó lu agogo bó ṣe wọ àdúgbò náà. Àwọn obìnrin sáré wọ ẹ̀yìnkùlé. Ó rò pé ojú ń tì wọ́n ni.

Ìyá Matilda gbé àga fún un. “Ẹ kú ọ̀nà o, sà.”

“Ìyá, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá.”

“A mọ ohun tó gbé yín wá, sà. Ẹ ṣáà fún wa láyè díẹ̀ ká tún ilé ṣe.”

Inú Bọ̀wálé dùn. Matilda ti bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣéènì ń pariwo lójú ọ̀nà, ó sì mú ìwé kékeré jáde láti kọ ohun tí Ràsákì máa tún ṣe. Ìyá náà wo bírò rẹ̀ títí, ó wọlé, ó sì gbé àkùkọ kan jáde fún un. Bọ̀wálé kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Sátidé kejì, wọ́n ti gbá àgbàlá mọ́ féfé, wọ́n ti fi ẹfun kun ògiri. Ìyá Matilda mú un yí ilé ká: ibi ìdáná, ìkòkò omi, títí dé ṣáláńgá. Bọ̀wálé yìn ín gan-an. Lérò tirẹ̀, wọn kì í fi ilé han àna tó báyìí tí wọn ò bá fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ìyá náà kó ẹyin méjìlá sínú àpótí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

“Ó ku díẹ̀,” ó wí. “Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Sátidé kẹta, ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ̀wálé, Bọ́dúnrìn, jókòó sórí àpótí náà tòun ti agbádá, wọ́n sì gba Ibefun lọ. Bọ́dúnrìn kò fepo bọyọ̀. Ó ní Matilda làwọn wá tọrọ, kí ìyá fún àwọn lésì.

Ìyá Matilda wo ọkùnrin méjèèjì, ó wo kẹ̀kẹ́, omi sì lé ròrò sí i lójú.

“Ẹ̀yin ọ̀gá wolé-wolé,” ó wí, ó sì kúnlẹ̀, “ẹ ní ká mọ́ tónítóní, a ti mọ́, ohun tá a ní lẹ sì ti gbà, tó bá wá jẹ́ ọmọ mi lẹ tún fẹ́ gbà, ẹ kúkú gbé mi lọ sí kóòtù.”