Àìsàn Tí Kò Lórúkọ

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹsẹ̀ Mama Ayoko ti ń wú. Bó bá jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ á wú pẹ̀lú, á sì rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó roko ṣúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà létí ọ̀sà wá ìdí rẹ̀ títí, kò rí i. Mablé, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, ló ń fi aṣọ bo ìgò ìtọ̀ rẹ̀ gbé lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ní Aneho, àgbàlagbà kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba àárín ìlú.

"Ìtọ̀ màmá ẹ mọ́ ju tèmi gan-an lọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àfi bíi ti ọmọge! Tó bá jẹ́ kíndìnrín ni, à bá ti rí i níbẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n yé jẹyọ̀, kí wọ́n sì máa rìn."

Mablé jíṣẹ́. Ẹ̀rín pa Mama Ayoko.

"Ọmọge kẹ̀! Ẹ tètè wá ọkọ fún mi o."

Iyọ̀ kúrò nílé. Ẹja gbígbẹ tẹ̀ lé e. Mama ń fi ọbẹ̀ ewé gbọ́mà tí kò níyọ̀ jẹ akúmẹ́, òkèlè àgbàdo wọn, ó ń ṣojú bí ẹni gbé oògùn mì. Láràárọ̀ ni òun àti Mablé ń rìn. Lóṣù kìn-ín-ní, wọ́n ń dé orí afárá. Lóṣù kejì, ìdí igi máńgòrò ni wọ́n ti ń padà. Nígbà tó yá, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ni. Ẹ̀rù ti ba Mablé títí, ẹ̀rù náà ti kú sí i lára.

"Ó kúkú dáa pé wọn ò rí nǹkan kan," ni Mama wí, ó jókòó sórí iyanrìn. "Bàbá ẹ ń rìn kiri títí dókítà fi dárúkọ àìsàn fún un. Ọjọ́ kẹsàn-án la sin ín."

"Mo rántí, Mama."

"Èyí tí wọn ò tíì dárúkọ, èèyàn ṣì lè lé e lọ."

"Wọn ò ní dárúkọ kankan."

Nọ́ọ̀sì tún béèrè fún ìgò kan sí i. Ó ní bí èyí náà bá mọ́, òun á gbàgbé ọ̀rọ̀ kíndìnrín pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mablé gba ìgò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó da ìtọ̀ tó ń hó bí ọṣẹ náà nù, ó ṣan ìgò, ó sì tọ̀ tirẹ̀ sínú rẹ̀, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní.