Ọ̀nà Oko Ṣáájú Òṣú

Láísẹ́ǹsì Sẹ̀gilọlá ti kú láti ìgbà ọdún Iléyá, kò sì tíì ráyè lọ sí Òṣogbo lọ gba tuntun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti já tíkẹ́ẹ̀tì fún un nítorí rẹ̀. Ẹni tó já a fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé bí àwọn bá tún bá a lójú títì bẹ́ẹ̀, mọ́tò náà làwọn máa gbé. Mọ́tò yìí ló sì fi ń kó aṣọ láti Iléṣà lọ sí ọjà. Bí wọ́n bá gbé e, ilé ni yóò jókòó sí.

Ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ kò fi kúrò lára àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú, láàárọ̀ ọjọ́ ọjà Òṣú. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n: bí ẹ̀ṣọ́ bá wà lọ́nà, ẹni tó ti kọjá lọ́dọ̀ wọn á fi iná mọ́tò ṣẹ́jú sí ẹni tó ń lọ bá wọn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí, kò sì sẹ́ni tó ń gba ọpẹ́.

Ìyá Testimony, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló jókòó tì í. Ẹrù aṣọ ti kún ẹ̀yìn, nítorí náà ni Nọ́síràtù, ọ̀rẹ́ Sẹ̀gilọlá tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀, ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn nínú takisí.

“O ò lè rọra sáré ni?” ni Ìyá Testimony wí. “Àbí o fẹ́ ká dé Òṣú ká tó kúrò nílé?”

“Ẹ má bínú, màámi. Mo fẹ́ ká kọjá káwọn èèyàn yẹn tó jáde ni.”

“Láísẹ́ǹsì ló ń lé ẹ báyìí? Ìwọ tí o ò bẹ̀rù ọkọ ẹ!”

Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lọ́nà.

Kò pẹ́ tí Corolla dúdú kan fi yọ níwájú. Ó fi iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ rẹ̀ na ọwọ́ síta, ó ń nàka sẹ́yìn bó ṣe ń kọjá.

“Wọ́n ti wà níbẹ̀,” ni Sẹ̀gilọlá wí.

Ó dẹ eré. Ó ń retí kí mọ́tò mìíràn ti iwájú wá kó lè dá a dúró bi í bóyá wọ́n pọ̀. Ìkankan kò wá. Ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà ni ó ti rí ọlọ́kadà kan, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà oko tó yà sápá òsì. Ọkùnrin náà gbọ́wọ́ sókè.

“Àǹtí, ẹ má lọ síwájú o. Mọ́tò ni wọ́n ń gbà lónìí. Ṣé ìwé yín pé?”

“Kò pé, bọ̀ọ̀dá.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú mọ́tò. “Ẹ̀yin méjì náà nìyí?”

“Àwa méjì ni.”

“Ẹ yà síbí. Ẹ̀yìn wọn lẹ máa já sí. Gbogbo mọ́tò ló ń gba ibẹ̀ láàárọ̀ yìí. Màmá, ẹ káàárọ̀, mà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Olúwa á máa ṣọ́ ẹ. Ọmọ ta ni ọ́ ládùúgbò yìí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ yín ni mí, mà.”

Sẹ̀gilọlá na owó omi tútù sí i. Kò gbà á.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ pupa inú oko náà rọ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, táyà Sẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ ń fa ìlà sí i. Igi kòkó pàdé lókè, ojú ọjọ́ ṣókùnkùn. Wọn ò gbọ́ ohùn àgbẹ̀ kankan. Ìró ọ̀kadà ọkùnrin náà nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́yìn wọn.

“Ó ń sìn wá sọ́nà,” ni Ìyá Testimony wí. “Irú ọmọ báyìí ò pọ̀ mọ́.”

Lẹ́yìn afárá onípákó kékeré kan, igi kan dábùú ọ̀nà. Sẹ̀gilọlá tẹ bíréèkì.

“Òjò àná ló wó o,” ni ìyá náà wí.

Sẹ̀gilọlá wo ìdí igi náà. Ó funfun, ó sì dán, bí ibi tí ayùn gbà kọjá. Ó wo dígí ẹ̀yìn. Ọlọ́kadà náà ti fi ọ̀kadà dábùú orí afárá, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Ẹ rí i, ó ń bọ̀ wá bá wa gbé e,” ni Ìyá Testimony wí. Ó ti ń ṣílẹ̀kùn.

Fóònù dún. Nọ́síràtù ni.

“Níbo lẹ dé? Takisí wa ti ń wọ Òṣú báyìí.”

“Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló lé wa wọ inú oko,” ni Sẹ̀gilọlá wí. “Ṣé wọ́n ṣì pọ̀ lójú títì yẹn?”

“Ẹ̀ṣọ́ wo?” ni Nọ́síràtù wí. “Láti Iléṣà títí dé ibí, kò sí ẹyọ ẹ̀ṣọ́ kan lójú ọ̀nà.”