Ta Ni A Yìí?

Aago mẹ́wàá ti lù ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ìkòtún. Aago méjìlá ni Olúdayọ̀ gbọ́dọ̀ fi próójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹ dákun, wọn ò gbà á. Ìlànà APA ni mo fi to orúkọ àwọn ìwé tí mo lò, wọ́n ní ti MLA làwọn ń fẹ́. Létà kan ò tó, orúkọ àwọn òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ pé."

Ìyá tó ń bá a tẹ̀wé ò gbójú sókè. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ó wá ku orúkọ kan: Fáṣèyí, A.

Olúdayọ̀ wo aago.

"A nìkan ni bàbá yẹn kọ sára ìwé. Ẹ ṣáà fi Akin sí i jàre."

Ìyá tẹ̀ ẹ́: Fáṣèyí, Agnes.

"Agnes kẹ̀? Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá tó sọ mí lórúkọ ni."