Àìsàn Tó Mọ Ọjọ́ Àìkú

Lẹ́yìn ìsìnkú Elisha, ìyàwó rẹ̀ Mojíbọ́lá ti ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà ńlá Grand Marché pa, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un, eṣinṣin ní í jẹ ẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun àti ọkọ rẹ̀ fi gbé agboolé wọn ní àdúgbò Kalley nílẹ̀ àjèjì, ó sì ti sọ fún gbogbo ará ilé pé kò sóhun tó tún lè gbé òun dìde mọ́.

Lọ́jọ́ kejìlá, Ìsà onítakisí tí wọ́n jọ ń gbé inú agboolé kan ilẹ̀kùn. Háúsá ni wọ́n jọ máa ń sọ.

"Màmá Tìfẹ́, ẹ gbà mí o. Àsíátù ìyàwó mi ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Ṣé èmi ni dókítà ni?"

"Ó ní ọwọ́ yín nìkan lòun fẹ́."

Mojíbọ́lá dìde, ó ń kùn. Ó já ewé dóńgóyárò lẹ́nu ọ̀nà, ó sè é, ó fi jó ẹsẹ̀ náà, ó sì bu ife ńlá kan pé kí Àsíátù gbé e mu. Àsíátù mu ún, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní òun ò lè dá jẹun, àfi kí Màmá bá òun jẹ. Mojíbọ́lá bá a jẹ ẹ́.

Ara Àsíátù yá. Bó ṣe yá tán ni ikọ́ dé sí Boubacar, télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì. Bí ikọ́ yẹn ṣe lọ tán ni nǹkan mú Ìsà fúnra rẹ̀.

"Níbo ló ti ń dùn ẹ́ gan-an?"

Ìsà wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ìbàdí ni," Àsíátù dáhùn.

"Ìwọ ni mo bi ni?"

Háà, irú ilé wo rèé? Mojíbọ́lá yẹ ìkòkò omi wò, ó kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu omi tí wọn ò bá sè. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Ohun tó tún yà á lẹ́nu ni pé àìsàn ọ̀hún kì í mú ènìyàn méjì pọ̀, kì í sì í ṣe wọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ náà, Mojíbọ́lá á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á dé, á sinmi. Ó di òwúrọ̀ Ajé kí ẹnì kan tó figbe ta.

Oṣù méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń lọ ra ata àti adìyẹ fún aláìsàn lọ́jà, ó ní kò kúkú burú kóun ṣí ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tìfẹ́olúwa ọmọ rẹ̀ pè é láti Kútọnu.

"Màmi, ṣé ẹ tiẹ̀ ń jẹun báyìí?"

"Níbo ni mo ti ráyè àìjẹun? Àwọn ará ilé yìí fẹ́ kú tán mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá kú, ta ni yóò tọ́jú wọn? Bàbá ẹ gan-an, ó dọjọ́ Àìkú kí n tó ráyè sunkún ẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Mojíbọ́lá ní òun ò ní dúró de Ajé lọ́tẹ̀ yìí. Ó se odindi ìkòkò dóńgóyárò, kí gbogbo ilé mu ún kí àìsàn tó jí. Ó gbé e, ó ń rọra lọ kó má baà dànù, ó sì dé ẹnu kọ́tìnì Àsíátù.

"Boubacar, ìwọ ló kàn lọ́la o," ohùn Àsíátù ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé, "má sì jẹun àfi tí Màmá Tìfẹ́ bá bá ẹ jẹ, ẹsẹ̀ òsì ni kó o mú, mo ti lo ti ọ̀tún."