Òǹtẹ̀ Amírì Bùkárà

Ní Bùkárà, bí amírì bá kú, wọn a fọ́ òǹtẹ̀ irin tí wọ́n fi ń tẹ orúkọ rẹ̀ sára owó. Mahan ló ń fín àwọn òǹtẹ̀ náà. Amírì ti sá kúrò nílùú, àwọn ọmọ ogun tó ti ìlà-oòrùn wá sì ti gba ààfin, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó fọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fàdákà inú owó náà ti dín kù, bàbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Nuṣin máa ń gbé búrẹ́dì àti wàrà dídì wá fún un. Firuz ọkọ rẹ̀ àti Mihrak, ọmọ kan ṣoṣo tí Mahan bí, jọ wà lára ẹ̀ṣọ́ tó tẹ̀lé amírì lọ. Bó bá ti dé, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í:

"Bàbá, orúkọ ta ni lónìí?"

"Ta lo tún rò? Òun náà ni. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà láyé, àwọn tó ń ṣọ́ ọ wà láyé. Jókòó jàre."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, Inal, alábòójútó ilé tí wọ́n ti ń tẹ owó, ló kọ́kọ́ dé.

"Bàbá, ẹ gbé òòlù yín. Wọ́n ti pa amírì nínú àgọ́ àwọn darandaran. Ẹ fọ́ òǹtẹ̀ yẹn."

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀ṣọ́ wo? Ẹ̀ṣọ́ tí ò ṣọ́ nǹkan kan? Bí mo bá tún fojú kan orúkọ yẹn, ọwọ́ yín ni màá gé o."

Ó jáde. Mahan gbé òòlù. Ó gbọ́ ohùn Nuṣin lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi pẹlẹbẹ fàdákà kan sábẹ́ òǹtẹ̀, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá, orúkọ ta ni lónìí?"

"Òun náà ni. Gbà, wò ó."

Nuṣin wo owó náà pẹ́. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹun."

"Ebi ò pa mí."

"Irọ́ lẹ ń pa. Ẹ jẹ ẹ́ kí n rí i."

Mahan jẹ ẹ́. Kò mọ adùn rẹ̀. "Má wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mò ń lọ ra irin ní Samarkandi."

"Màá kúkú se oúnjẹ tẹ́ ẹ máa jẹ lọ́nà."

Nígbà tó lọ tán, Mahan fọ́ òǹtẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́.

Nuṣin délé, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó sì ń tu koríko kúrò lórí sàréè méjì, ti Firuz àti ti Mihrak, tí wọ́n gbé òkú wọn wá fún un lóru nígbà òtútù, tí òun fúnra rẹ̀ sì sin wọ́n, tí kò sì tíì rí ẹnu sọ fún bàbá náà.