Wúràọlá Ahun àti Ìkòkò Ìwúkàrà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Ní Ìgbájọ níbí, ní agboolé wa gan-an, ni wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ nìkan tó mú aláàárẹ̀ dìde jókòó. Mi ò fọ́nnu o, òótọ́ ni. Wúràọlá, ìyàwó ilé wa, ló jogún ààrò búrẹ́dì náà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́, kì í ṣọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ahun ni, ahun paraku.

Inú ìkòkò amọ̀ kan ni ìwúkàrà ilé wa ń gbé. Ìyẹ̀fun àti omi lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó fi kan, tó ń hó, tó sì ń mú búrẹ́dì wú. Ohun abẹ̀mí ni, ó ń jẹun. Nígbà tí ìyá ọkọ Wúràọlá wà láyé, ní àràárọ̀, á bu ìdajì kúrò, á wá fi ìyẹ̀fun tuntun àti omi bọ́ èyí tó kù. Ẹni tó bá tọrọ nínú èyí tó bù kúrò, á fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá Olúgbadé tó ń gbé ní òdìkejì odò pàápàá gbà níbẹ̀, ó sì ń fi ṣe búrẹ́dì tà.

Èyí ń bí Wúràọlá nínú. Nígbà tí ìyá kú, ó ní ìranù ti parí. Kò fún ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì jẹ́ bu ohunkóhun dànù. Ìwúkàrà kún ìkòkò dé ẹnu, ìyẹ̀fun díẹ̀ náà ló sì ń wọ́n sí i. Kò pẹ́ tí omi dúdú fi lé sórí rẹ̀, tó ń rùn. Wúràọlá dé e pinpin, ó ní ojú àwọn ọ̀tá ló ń bà á jẹ́. Ọ̀tá wo? Ebi ni! Nígbà tó tún ṣí i, ó ti bu, ojú rẹ̀ ti pupa yòò.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ń kanlẹ̀kùn. Láti ayé bàbá ọkọ rẹ̀, búrẹ́dì agboolé wa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú pẹpẹ. Wúràọlá bú sẹ́kún, nítorí orúkọ ilé ọkọ fẹ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ilé ní kó lọ bá Ìyá Olúgbadé. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, ó ní kó bu ìwúkàrà díẹ̀ fún òun. Ìyá Olúgbadé wọlé, ó gbé abọ́ kan jáde. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ń hó, ó ti wú dé etí abọ́.

“Dìde, ìyàwó,” ó ní. “Èèyàn kì í kúnlẹ̀ tọrọ ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Bí ìyá ọkọ ẹ bá ti há a mọ́wọ́ nígbà náà, kí ni ǹ bá rí bù fún ẹ lónìí?”

Búrẹ́dì wa ló wà níwájú pẹpẹ lọ́dún náà, orí mi sì wú. Wúràọlá fúnra rẹ̀ ló gbé ti Ìyá Olúgbadé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tọrọ ìwúkàrà ní agboolé wa tó padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ kọ́gbọ́n, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí a há mọ́wọ́ ń kú mọ́ wa lọ́wọ́. Èyí tí a fún ẹlòmíràn ló ń wà láàyè dè wá. Ọwọ́ tó ń fúnni ní í wà lókè.