Ìyá Kan, Ọjọ́ Ìbí Kan, Ọmọ Kan

Láti ìgbà tí Ọ̀mọ̀wé Oyèdọ̀tun ti gbé kọ̀ǹpútà dé Ìlá láti Èkó, a ò rímú mí.

Ọdún 1996 nìyí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ pín ìwé ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọléèwé, òun ló sì ń to orúkọ wọn sínú ẹ̀rọ.

Ó ya àpótí méjì sójú pátákó: ìyá nínú ọ̀kan, ọmọ nínú èkejì. Ó fa ìlà so wọ́n pọ̀.

"Kí ẹnikẹ́ni má baà forúkọ ọmọ kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti fi òfin sínú ẹ̀rọ yìí. Ìyá kan, ọjọ́ ìbí kan, ọmọ kan."

A pàtẹ́wọ́. Àwa òpè!

Ó kan Fáyọ̀kẹ́ aránṣọ. Ẹ̀rọ gba Táyé ọmọ rẹ̀. Ó lóun ò gba Kẹ́hìndé.

"Ìbejì ni wọ́n, sà."

Ọ̀mọ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Òfin ò mọ ìbejì. Ọmọ ta lẹ yá wá?"

Omijé lé ròrò sójú obìnrin náà. Nílẹ̀ Ìgbómìnà níbí, wọ́n ń bi ìyá ìbejì pé ọmọ ta ló yá! Ìwé kún agbárí, ojú ò ríran.

Ìyá arúgbó kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Kẹ́hìndé ọmọ mi, oúnjẹ rẹ ti ń tutù. Táyé àbúrò rẹ ti jẹ tiẹ̀ tán."

Ọ̀mọ̀wé ló dìde. "Mo ń bọ̀, Màmá."

Gbogbo wa yíjú sí i.

Fáyọ̀kẹ́ nu ojú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún arúgbó náà.

"Ẹ káàsán, Màmá. Nínú àwọn méjèèjì, èwo lẹ yá?"